Ọkọ̀ Tí Kò Ga Ju Orúnkún Lọ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àlàyé ṣe ń rẹ ènìyàn, ẹ jẹ́ ọmọ Kétu, kí ẹ sì wá máa gbé Ìbàdàn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan lẹ́bàá Bẹẹrẹ, níbi tí wọ́n ti gbà mí láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé, wọ́n ní níbo ni mo ti wá. Mo ní Kétu.

"Kétu ti Èkó?"

"Rárá o. Kétu ti ilẹ̀ Benin."

"Háà, Bìní! Ẹ sì gbọ́ Yorùbá tó báyìí! Àbí ìyá yín ni Yorùbá?"

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní kì í ṣe Bìní ti àwọn Ẹ̀dó. Mo ní orílẹ̀-èdè ni, ó wà ní òdìkejì bọ́dà, Yorùbá ni wá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, a lọ́ba, a sì ní ẹnubodè tó ti dàgbà ju bàbá bàbá wa lọ. Obìnrin tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò na ìka sókè bí ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ tó ti ń wá láti àárọ̀. "Kútọnu!" ni ó wí. Gbogbo yàrá mirí sí i. Ọ̀rọ̀ parí. Bí mo ṣe di Màdáámù Kútọnu nìyẹn, èmi tí ẹsẹ̀ mi kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ Kútọnu rí, tí ìlú wa sì jìnnà síbẹ̀ bí Ìbàdàn ṣe jìnnà sí Èkó.

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé Yorùbá la jọ ń sọ, kò sí ohun tí yóò ṣàjèjì sí mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó lọ sí Paríìsì ni mo tilẹ̀ ń káàánú. Mo ní wọn yóò máa wá ẹni tí wọn yóò kí ní "ẹ kú iṣẹ́". Mi ò mọ̀ pé àánú ara mi ni ó yẹ kí n máa ṣe.

Ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ fi kí mi káàbọ̀. Ilé Alhaja Sìfáwù ní Pópó Yemọja ni mo gba yàrá sí. Bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ni Alhaja ń tà ní Ọjà'ba, agboolé náà sì kún fún àwọn ọmọ, àna àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo dé pẹ̀lú àpótí mi, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ojú ẹ rèé bí ojú ewúrẹ́ tí òjò pa," ni ó wí. "Wọlé, òpònú. Oúnjẹ ti ń tutù."

Mo wọ yàrá, mo sunkún. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ obìnrin yìí? Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ní àdúgbò yẹn, ẹni tí wọn kò bá fẹ́ràn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ọmọ Ìbàdàn bá rọra dá ọ lóhùn pé "ẹ ṣeun, mo gbọ́ yín," wo ẹ̀yìn rẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá pè ọ́ ní òpònú, jókòó, ẹran wà nínú ọbẹ̀.

Lẹ́yìn ẹnu ni ọ̀nà. Láti Bẹẹrẹ títí dé ìsàlẹ̀ Mápó, òrùlé páànù tó ti dípẹtà ni gbogbo rẹ̀, ilé gbé ilé lẹ́yìn, ojú ọ̀nà sì wọ́ wérewère láàárín wọn. Bí mo bá bi ènìyàn léèrè ọ̀nà, ohun tí kò sí mọ́ ni yóò fi júwe rẹ̀ fún mi. "Ẹ ó dé ibi tí igi ọdán wà tẹ́lẹ̀, ẹ ó wá yà níbi tí ilé Bàbá Ọlọ́tìn wà kó tó wó." Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, báwo ni mo ṣe máa rí ilé tó ti wó? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo rìn títí, mo bá wọ agboolé kan tí mo gbà pé ti Alhaja ni. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn. Mo jókòó, wọ́n gbé omi fún mi, wọ́n gbé oúnjẹ tì í. Mo ti jẹun dé ìdajì kí bàbá àgbàlagbà kan tó béèrè pé, "Ọmọ ta ni ẹ́, gan-an?" Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó ní kí n jẹun tán ná. Lẹ́yìn náà ni ó sìn mí dé Pópó Yemọja, ó sì bú mi dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ iṣẹ́ kò nira. Ariwo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kì í jẹ́ kí ènìyàn ráyè ronú. Sátidé ni ìṣòro. Ní Sátidé, gbogbo ará Ìbàdàn ní ibi tí wọ́n ń lọ: ìpàdé ẹbí, ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, àdúrà ogójì. Agboolé á dá páro, á ku èmi àti àwọn adìyẹ. Mo máa ń fọ aṣọ. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, mo máa ń wò ó bí ó ṣe ń gbẹ.

Lẹ́yìn náà ni ìyá mi á pè. Ní Kétu, lábẹ́ igi máńgòrò kan níwájú ilé katikíìsì nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń dúró dáadáa, ìyá mi sì gbà pé bí ẹnu ènìyàn bá ti le tó ni ohùn rẹ̀ ṣe ń rìn jìnnà tó. Ó máa ń pariwo sínú fóònù bí ẹni tó ń pe ará odò kejì. Gbogbo ẹni tó bá wà lábẹ́ igi náà ló mọ bí ayé mi ṣe ń lọ. Bí mo bá wúkọ́ ní Ìbàdàn, obìnrin tó ń ta bẹntiróòlù inú ìgò ní Kétu á bi ìyá mi ní ọjọ́ kejì bóyá ikọ́ náà ti lọ. Ní àwọn Sátidé bẹ́ẹ̀, kí n tó gbé ìpè rẹ̀, mo máa ń yí ohùn rédíò sókè, kí ó lè gbọ́ ohùn ènìyàn lọ́dọ̀ mi.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèlérè ni ó gbà mí lọ́wọ́ aṣọ fífọ̀. Físíìsì ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Àlùfáà Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, òun náà sì jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń lọ áńkáṣíìfù rẹ̀ kó tó kì í sápò. Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ní, "Màdáámù, kí lẹ máa ń ṣe ní Sátidé?"

"Mo máa ń fọṣọ."

"Tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tán ńkọ́?"

"Mo máa ń wò ó bó ṣe ń gbẹ."

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. "Ẹ bá mi dé Bẹyẹrúnkà lọ́la," ni ó wí.

Mo rò pé ìjọ ni. Ṣọ́ọ̀bù Lúkúmánù jórinjórin ni mo bá ara mi. Níwájú ṣọ́ọ̀bù náà ni nǹkan kan dúró sí, ó kéré bí ibùsùn ọmọdé, ó lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó sì fajú ro. Irin bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ni wọ́n jó pọ̀ ṣe ara rẹ̀. Táyà rẹ̀, ti wílíbárò ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ti ọ̀kadà tó ti jalẹ̀ ni. Àga rọ́bà tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ni wọ́n dè mọ́ àárín rẹ̀. Gókáàtì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gbẹ́ni Oyèlérè àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bíi mélòó kan, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ní tiwọn níbẹ̀. Jímọ̀ jẹ́ ti mọ́ṣáláṣí, Sọ́ńdè jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti fohùn ṣọ̀kan pé Sátidé jẹ́ ti gókáàtì. Lúkúmánù ló kọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í gùn ún. Ó ní ẹni tó mọ bí òun ṣe jó irin náà pọ̀ kò gbọdọ̀ jókòó lé e.

Ẹ̀yìn ilé ìlàgi kan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni wọ́n ti ń sáré, ilẹ̀ kọnkéré gbalasa, wọ́n fi ògbólógbòó táyà to ọ̀nà sí i. Láti Bẹyẹrúnkà dé ibẹ̀, èjìká ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ wọn. Bí a ṣe ń gba ojú ọ̀nà tóóró kọjá lọ́jọ́ yẹn, ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ rí irin bẹ́ẹ̀dì náà, ó wo èmi tí mò ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ kú oríire o! Ìyàwó tuntun, ọlọ́mọ ni ẹ́ o!" Mo ní àmín. Kí ni ǹ bá wí?

Nígbà tí wọ́n ní kí èmi náà jókòó, mi ò jiyàn. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú náà, kò sí ẹni tó tíì ní kí n wá ṣe nǹkan tí kì í ṣe iṣẹ́. Mo dé àṣíborí ọlọ́kadà. Lúkúmánù fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ó lè sáré hàn mí. Mo wá bi í léèrè ìdúró. Ní Kétu, ọ̀rọ̀ Faransé la fi ń pe ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró.

"Fúrẹ̀nì ńkọ́?" ni mo wí. "Níbo ni fúrẹ̀nì wà?"

Ẹ́ńjìnnì ti ń pariwo. Lúkúmánù fi ọwọ́ kọ́ etí, ojú rẹ̀ wá tàn. "Fúrẹ́ńdì? Áà, Màdáámù! Gbogbo wa níbí ni fúrẹ́ńdì yín!" Ó gbá mi léjìká, ó sì tì mí lọ.

Bí mo ṣe sáré wọ ayé gókáàtì láì mọ búréèkì nìyẹn. Mo yí pápá náà ká, mo tún un yí, mò ń ké "Fúrẹ̀nì! Fúrẹ̀nì!", àwọn ènìyàn rere náà sì ń juwọ́ sí mi, wọ́n ń dáhùn pé "Fúrẹ́ńdì!" Òkìtì ìyẹ̀ pákó kan tí ilé ìlàgi náà fi sílẹ̀ ló gbà mí nígbẹ̀yìn. Mo wọ inú rẹ̀ tọkọ̀tọkọ̀. Nígbà tí wọ́n wú mi jáde, mo dà bí ẹja tí wọ́n yí ní ìyẹ̀fun, ẹnu mi kún fún pákó, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀gbẹ́ni Oyèlérè yọ áńkáṣíìfù lílọ̀ rẹ̀, ó fún mi. Ìgbà náà ni mo rántí pé mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín mi yẹn láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé.

Wọ́n ṣe gókáàtì tèmi fún mi kí òjò ọdún náà tó dá. Alhaja Sìfáwù bú mi títí ilẹ̀ fi ṣú. "Olùkọ́ ni ẹ́ àbí jàǹdùkú? O fẹ́ kí irin bẹ́ẹ̀dì pa ẹ́ láìsùn?" Nígbà tí ó bú mi tán, ó wọ yàrá, ó gbé tìmùtìmù aláwọ̀ ewé kan jáde, ó ní kí n fi sórí àga rọ́bà náà, kí ìdí mi má baà bó.

Mo ti ronú sí ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn nǹkan yìí tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe eré náà nìkan. Ní ìlú tí kì í ṣe tìrẹ, o máa ń ṣọ́ra lójoojúmọ́: o ń ṣọ́ ohùn ẹnu rẹ, o ń ṣọ́ bí o ṣe kúnlẹ̀, o ń ṣọ́ kí o má baà rẹ́rìn-ín níbi tí wọn kò ti ń rẹ́rìn-ín. Ara àlejò kì í balẹ̀ kódà bí wọ́n bá gbé àga fún un. Ṣùgbọ́n nínú gókáàtì, bí o bá ṣe àṣìṣe, gbogbo ènìyàn ló rí i, gbogbo wọn ló sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níṣojú rẹ̀ kì í ṣe àlejò mọ́. Wọ́n ti gbà á sílé.

Ìpè ìyá mi ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ó pè ní Sátidé kan tí mo wà ní pápá, mo sì gbé e láì pa ẹ́ńjìnnì.

"Kí ló ń dún yẹn?" ni ó pariwo.

"Mọ́tò ni, Màmá. Mo ń wa mọ́tò."

"Mọ́tò! Ta ló ni ín?"

"Tèmi ni, ṣùgbọ́n..."

Nẹ́tíwọ̀kì já. Nígbà tí mo fi rí i pè padà, igi máńgòrò ti gbọ́. Mo ń gbọ́ ìpàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, ẹ fetí sílẹ̀. Mọ́tò kékeré ni."

"Kékeré náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi."

"Màmá, kò ní òrùlé."

Mo rò pé ó ti yé e. Ó wá yí padà sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, mo sì gbọ́ ọ tó ń sọ fún wọn pé, "Ẹ gbọ́ o! Irú èyí tí kò ní òrùlé ni ó rà! Irú tí àwọn olówó ń gùn!"

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, wọ́n dúpẹ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìgbà tí mo bá tún gbìyànjú àlàyé, wọ́n á ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìyá mi sọ fún mi pé Bàbá Bẹnuá ń bọ̀. Bàbá Bẹnuá ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, olórí ẹbí wa. Iṣẹ́ duánì ni ó ṣe fẹ̀yìn tì, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní bọ́dà. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun yẹ ọkọ̀ náà wò, kí òun gbàdúrà sí i, kí n sì fi gbé òun padà sí Kétu, kí ìlú lè rí wa.

Oorun dá lójú mi. Bí mo bá dójú tì í, ìyá mi ni mo dójú tì lábẹ́ igi yẹn, níwájú gbogbo ẹni tó bá a dúpẹ́.

Ó dé ní òwúrọ̀ Sátidé, ó wọ kóòtù, ó gbé àkùkọ funfun kan lọ́wọ́ fún ìwúre ọkọ̀. Alhaja Sìfáwù ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ṣì ń wẹ̀. Mo ń gbọ́ wọn láti balùwẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Alhaja. Èmi ni bàbá olùkọ́ yín. Ọkọ̀ rẹ̀ ni mo wá wò."

Ohùn Kétu wa máa ń gun ọ̀rọ̀ níbi tí ti Ìbàdàn ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí Alhaja gbọ́ yàtọ̀.

"Ọkọ rẹ̀? Kò mà tíì ní ọkọ o, Bàbá."

"Kò ní? Wọ́n mà ti dúpẹ́ lórí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì! Wọ́n ní kékeré ni."

"Ọkọ kékeré?"

"Tí kò lórùlé."

"Subuhanallahi!" ni Alhaja kígbe. "Ta lẹ fẹ́ fún ọmọ yìí, Bàbá? Ẹni tí kò nílé lórí?"

Mo sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ létí. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí gbogbo wa jọ lọ sí pápá, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yóò ti yé ara rẹ̀. Alhaja ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa lọ́jọ́ náà, ó ní òun kò lè jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun.

A dé ẹ̀yìn ilé ìlàgi. Gókáàtì mi dúró láàárín àwọn yòókù, ó pupa, tìmùtìmù aláwọ̀ ewé wà lórí rẹ̀. Mo nawọ́ sí i. Bàbá Bẹnuá ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ó ti máa ń ṣe ní bọ́dà, ó rọra yí i ká. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ó nàró. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì.

"Ìyókù dà?" ni ó wí.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ kò gbà á.

"Bí ó ṣe mọ nìyẹn, Bàbá," ni mo wí. "Ọkọ̀ eré ni. A kàn fi ń ṣeré ní Sátidé ni. Mo sọ fún Màmá, wọn ò gbọ́."

Ó wo àkùkọ ọwọ́ rẹ̀. Àkùkọ náà wo gókáàtì. Bàbá Bẹnuá lọ jókòó sórí táyà kan, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. "Kí ni mo fẹ́ lọ wí fún àbúrò mi?" Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ǹ bá fẹ́ kí ó bú mi bí ará Ìbàdàn.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèlérè fọwọ́ tọ́ mi. Eré fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ní mi ò sáré mọ́. Alhaja ló dáhùn: "Kí o wá jókòó kí o máa sunkún síbí? Gun irin ẹ, jọ̀ọ́! Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa nítorí ẹ."

Lúkúmánù gbé àsíá kékeré sókè, a gbéra. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Agodi ló kọ́kọ́ ṣáájú, ẹni tó máa ń wakọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń pè wá gbowó oṣù. Ọ̀gbẹ́ni Oyèlérè tẹ̀ lé e. Pásítọ̀ Gídíónì, tó ní ìjọ kékeré kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ló wà níwájú mi, ara rẹ̀ sì gba gbogbo ojú ọ̀nà. Mi ò rí ibi tí mo lè gbà. Mo tilẹ̀ ti gbà pé kí n máa tẹ̀ lé e lọ bẹ́ẹ̀, mo ṣáà fẹ́ kí eré náà tètè parí.

Mo wá gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀gbẹ́ pápá.

"À dúrúwátì! Alé! Alé!"

Bàbá Bẹnuá ni. Ó ti dìde. Duánì kò lè rí ọkọ̀ lórí ìrìn kí ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó dúró lórí táyà náà, àkùkọ lábíyá, ó ń fi Faransé ojú bọ́dà júwe ọ̀nà fún mi: kí n gba ọ̀tún, kí n máa lọ, kí n máa lọ! Èmi nìkan ló yé nínú gbogbo wọn. Pásítọ̀ Gídíónì gbọ́ èdè tí kò mọ̀, tí ó ń jáde pẹ̀lú agbára láti ẹnu àgbàlagbà kan tó gbé àkùkọ funfun dání. Ó gbà pé Ẹ̀mí ti bà lé pápá. Ó yọ ọwọ́ kan kúrò lára ìtọ́kọ̀, ó gbé e sókè, ó ké pé "Àmín!" Gókáàtì rẹ̀ lọ kí òkìtì táyà. Mo gba ọ̀tún kọjá.

"Dúsùmáà! Dúsùmáà!" ni Bàbá Bẹnuá ń ké ní kọ́nà, kí n rọra. Mo rọra. Ọ̀gbẹ́ni Oyèlérè kò rọra. Físíìsì rẹ̀ jẹ́ kó fẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, mo bá gba inú kọjá lára òun náà. Ọmọ Agodi nìkan ni mi ò bá. Ipò kejì ni mo ṣe, èmi tí mi ò tíì ṣe ju ìkẹyìn lọ rí.

Mi ò tíì bọ́ àṣíborí tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fi gbohùngbohùn kéde eré ní kí wọ́n sọ ilé tí Màdáámù ti wá, kí òun lè kí wọn. Alhaja Sìfáwù ní, "Pópó Yemọja ni! Ọmọ ilé mi ni!" Bàbá Bẹnuá ní, "Kétu ni! Ọmọ àbúrò mi!"

"Bàbá, ta ló ń fún un lóúnjẹ?"

"Alhaja, ta ló bí i?"

"Tìmùtìmù ta ló fi jókòó?"

"Ẹnu ta ló fi mọ ọ̀nà?"

Wọ́n di ara wọn mú lẹ́nu bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àwọn ènìyàn kóra jọ. Mo jókòó sínú irin bẹ́ẹ̀dì mi, mò ń gbọ́ wọn. Láti ìgbà tí mo ti dé Ìbàdàn, mo ti ń rò pé nítorí pé mo kúrò ní ibì kan, tí mi ò sì tíì dé ibì kejì tán, ọwọ́ kankan kò mú mi dáadáa. Àwọn àgbà méjì wá ń fà mí mọ́ ara wọn lọ́wọ́ níwájú gbogbo ayé. Mi ò là wọ́n. Mo fẹ́ kí wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bàbá Bẹnuá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà jókòó sínú rẹ̀, fún àyẹ̀wò. Bí ó ṣe jókòó tán, ó ní òun kò dìde. Ọ̀gbẹ́ni Oyèlérè àti Lúkúmánù tì í yí pápá ká bí ẹni ń ti ọmọlanke, ó sì ń juwọ́ sí àwọn ènìyàn bí ọba tó ń ti ìrìn àjò bọ̀. Ó fi àkùkọ náà ta Alhaja lọ́rẹ. Alhaja ní kò sanra.

Ọkọ̀ èrò ni ó wọ̀ padà. Nígbà tí ó dé Kétu, òun àti ìyá mi pè mí láti abẹ́ igi. Mo ti múra ìtìjú sílẹ̀.

"Bàbá Bẹnuá ti sọ fún mi," ni ìyá mi wí. "Ó ní kò ga ju orúnkún lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ máà bínú."

"Ó ní o fi pásítọ̀ sẹ́yìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Pásítọ̀ gidi?"

"Ó ní ìjọ, Màmá."

Ẹ̀rín tí ó rín, mo rò pé fóònù mi fẹ́ bẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní òun fẹ́ gbọ́ eré tó ń bọ̀, òun àti gbogbo ará igi.

Nítorí náà, ní Sátidé kejì, Alhaja Sìfáwù tún ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó gbé fóònù mi dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó nà án síwájú bí ẹni tó ń fún adìyẹ ní àgbàdo. Ní Kétu, wọ́n pagbo yí fóònù ìyá mi ká. A gbéra. Kí a tó yí ká lẹ́ẹ̀kan, sàlẹ́ńsà tó ń dín ariwo ẹ́ńjìnnì mi kù já bọ́ sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì mi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ilé ọlọ, mò ń tú èéfín, agbára ń tán lára rẹ̀. Ọmọ Agodi kọjá. Ọ̀gbẹ́ni Oyèlérè kọjá. Pásítọ̀ Gídíónì pàápàá kọjá, ó bù kún mi, ó gbàdúrà fún mi. Ìkẹyìn ni mo ṣe, ìkẹyìn pátápátá, ó tilẹ̀ kù díẹ̀ kí n fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀ náà parí.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá Alhaja, mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ariwo ayọ̀ ló gbà mí létí. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ẹnì kan ń lu ìgò bẹntiróòlù, àwọn ọlọ́kadà ń fun fèrè.

"A gbọ́ ọ!" ni ìyá mi ń ké. "Tìrẹ ló ròkè jù! A ò gbọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ àfi ìwọ! O fi gbogbo wọn sílẹ̀!"

Mo wo Alhaja. Alhaja wo ojú mi, ó mi orí pé rárá, kí n má ṣe dán àlàyé kankan wò.

"Ẹ ṣeun, Màmá," ni mo wí.